Ibo Ni Ẹyẹ Yóò Bà Sí?

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyẹ kì í gbé ojú ọ̀run. Orí igi ni ó ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bí a bá ń ṣètò ìlú, ǹjẹ́ a ń ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀dá mìíràn?

Ẹ jẹ́ kí a wo Singapore, erékùṣù tí ilẹ̀ kò tó nǹkan. Láti ọdún 1963, nígbà tí olórí ìjọba ibẹ̀, Lee Kuan Yew, bẹ̀rẹ̀ ètò igi gbígbìn, ni wọ́n ti ń fi igi ṣe ìlú wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Síbẹ̀, wọ́n ti fi kọnkéré há odò Kallang mọ́ inú kòtò gbọọrọ, kí omi òjò lè tètè ṣàn lọ. Omi ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọnkéré kì í gba koríko láyè.

Nígbà tí wọ́n tún ọgbà ìgbafẹ́ Bishan-Ang Mo Kio ṣe, tí wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2012, wọ́n ti fọ́ kọnkéré náà kúrò. Kòtò tí ó gùn ní kìlómítà 2.7 di odò kọ́lọkọ̀lọ tí ó gùn tó kìlómítà 3.2. Òkúta àti gbòǹgbò ewéko ni wọ́n fi di etí rẹ̀ mú. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi a tàn sórí pápá. Bí ó bá fà, àwọn ọmọdé a máa ṣeré níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kó ẹranko wá, síbẹ̀ lámilámi, ẹyẹ àti otter, ẹranko tí ń pẹja jẹ nínú odò, wá fúnra wọn.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́. Èkíní, àyè tí a fi sílẹ̀ fún ẹ̀dá kò ṣòfò: ilẹ̀ tí ó gba ẹyẹ náà ni ó gba àgbàrá. Àwa tí a mọ ìtàn omíyalé Ògùnpa ní Ìbàdàn lọ́dún 1980 kò gbọdọ̀ fojú kéré èyí. Èkejì, orí àwòrán ni a ti í ya àyè sọ́tọ̀, kí a tó pe agégi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí, ìtọ́jú ọgbà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run gbé lé ènìyàn lọ́wọ́. Bí a ti ń gbèrò ilé tuntun fún ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ọdún àjọ̀dún yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí igi tí ó ṣíji bo yín nígbà èwe wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.