Ìgbà Wo Ni Mo Fọwọ́ Sí I?

ÌBÉÈRÈ

Ata àti tòmátì ni mò ń tà ní Mile 12, Sangisa ní Ketu ni mo sì ń gbé. Ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì wálé fún ìsinmi, ó ní àwọn ń kọ́ nípa òyìnbó kan tó ń jẹ́ John Locke. Ó ní ọkùnrin náà sọ pé òfìfo ni ọkàn ọmọ tuntun, pé kò gbé ìmọ̀ kankan wáyé. Bẹ́ẹ̀, bàbá mi tó ti dolóògbé kọ́ wa pé kí olúkúlùkù tó wáyé ló ti kúnlẹ̀ yan orí rẹ̀. Ọmọ mi tún ní Locke sọ pé ìjọba kò láṣẹ lórí ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i. Èmi ò dìbò rí, àmọ́ ojoojúmọ́ ni mò ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà. Ìgbà wo ni mo fọwọ́ sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi, kí n lè rí nǹkan sọ fún un.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Sangisa

ÌDÁHÙN

Ìbéèrè tí ẹ bi Locke nípa tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń bi í. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti orí.

Ọdún 1632 ni wọ́n bí Locke nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, mo sì rò pé èyí hàn nínú èrò rẹ̀, torí oníṣègùn tó mọṣẹ́ kì í méfò, ara aláìsàn ló máa ń wò. Nínú ìwé ńlá tó kọ lórí òye ènìyàn, tó jáde ní ìparí ọdún 1689, ó dojú kọ àwọn tó ń sọ pé àwọn òtítọ́ kan wà tí a ti kọ sínú ọkàn gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó bí wọn. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ọwọ́ ì bá ti mọ̀ wọ́n. Ọ̀nà méjì péré ló ní ìmọ̀ ń gbà wọlé: ohun tí ojú, etí, imú, ahọ́n àti ara bá pàdé, àti bí ọkàn ṣe ń kíyè sí iṣẹ́ ara rẹ̀ nígbà tó bá ń rántí, tó ń ṣiyèméjì, tó ń fẹ́ tàbí tó ń kọ̀.

Ṣé ó tako bàbá yín? Lójú tèmi, rárá. Ọ̀rọ̀ ìpín ni ti orí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Àwọn àgbà tó ní a kúnlẹ̀ yan orí náà ló ní bí a ṣe dáyé la gbàgbé ohun tí a yàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àkọsẹ̀jayé fọ́mọ tuntun. Bí ọmọ bá ti mọ̀ ni, kí la fẹ́ lọ bi Ifá? Locke náà kò sì sọ pé ọwọ́ òfìfo la bá wáyé. Ó gbà pé a bí agbára àtirí, àtirántí àti àtironú mọ́ wa. Ìmọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní a kò bí mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ ní kí ọmọ yín wá ìwé Knowledge, Belief and Witchcraft, tí Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo kọ ní 1986. Yunifásítì Ifẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́, wọ́n sì lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn Yorùbá láti mọ ìgbà tó tọ́ kéèyàn sọ pé òun mọ nǹkan. Ọwọ́ líle ni àwọn àgbà yẹn fi mú un: ohun tí ojú rẹ rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, ìyẹn lo mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ, ì báà ṣe olùkọ́ ló sọ ọ́, o gbà á gbọ́ ni, títí o fi máa dán an wò. Ó máa ń dùn mí tí ọmọ wa bá ka Locke parí láìgbọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí wà nílé.

Ibẹ̀ la ti fẹ́ wọ ọ̀rọ̀ ìjọba. Bí a kò bá bí ìmọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ta ló máa wá sọ pé a bí àṣẹ mọ́ òun? Nígbà ayé Locke, Robert Filmer ti kọ̀wé pé ọ̀dọ̀ Ádámù ni àṣẹ àwọn ọba ti ṣẹ̀ wá. Locke dá a lóhùn nínú ìwé mìíràn ní 1689 kan náà, kò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, nítorí ọ̀rọ̀ náà gbóná. Ó ní ẹgbẹ́ ara wọn ni gbogbo ènìyàn, pé nítorí kí ẹ̀mí, òmìnira àti ohun ìní wọn má bàa ṣòfò ni wọ́n ṣe gbé ìjọba kalẹ̀. Bí alájọ ni aláṣẹ rí lójú rẹ̀: owó ọwọ́ alájọ kì í ṣe tirẹ̀, ọjọ́ tó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, àwọn tó ń dájọ lè gbà á padà.

Ní ti ìgbà tí ẹ fọwọ́ sí i, Locke ní ẹni tó bá kàn ń gba ojú ọ̀nà ìlú kọjá ní àlàáfíà ti fọwọ́ sí òfin ìlú náà láìsọ̀rọ̀. Ìyẹn ni pé, lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ tí ẹ ń gbé sí títì Ìkòròdú láràárọ̀ ti tó. David Hume, ọ̀mọ̀wé mìíràn, kò gbà. Ní 1748, ó béèrè pé ẹni tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tó ń sùn, tó jẹ́ pé inú òkun ló máa bẹ́ sí tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀, ṣé a lè sọ pé ó fọwọ́ sí àṣẹ ọ̀gá ọkọ̀? Èmi wà lẹ́yìn Hume níbí, ìyá wa. Èèyàn tó ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ kò fọwọ́ sí ohunkóhun nípa rírìn lójú títì.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ Locke nù nítorí ìyẹn, torí ó tún sọ pé aláṣẹ kò gbọdọ̀ gba owó orí lọ́wọ́ ará ìlú láìjẹ́ pé àwọn tàbí aṣojú wọn gbà bẹ́ẹ̀. Odò Ògùn tó ń gba ẹ̀yìn Mile 12 kọjá, Abẹ́òkúta ló ń gbà bọ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ìyá ọlọ́jà bíi tiyín ti jà fún ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n ń sanwó orí, wọn kò sì ní aṣojú kankan nínú ìgbìmọ̀. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn aláṣẹ tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó nílò láti ka ìwé fún wọn kí wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ wọn jẹ. Ojú wọn rí i. Ní ìparí 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn lẹ́yìn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sì sùn síwájú ààfin. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, Aláké, ọba ìlú náà, fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949, àwọn obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀. Ní 1950 ni Aláké padà.

Mi ò ní fi èyí pamọ́ fún yín: Locke yìí kan náà ra ìpín nínú Royal African Company, ilé-iṣẹ́ tó ń kó àwọn ọmọ Áfíríkà lẹ́rú. Ó tún lọ́wọ́ sí òfin Carolina ti 1669, tó fún olówó ẹrú láṣẹ pátápátá lórí ẹrú rẹ̀ tó jẹ́ adúláwọ̀. Ẹni tó ní ká fi ojú ara wa wádìí nǹkan kò wo ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìwọ̀n tirẹ̀ ni mo fi wọ̀n ọ́n, kò sì pé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ èyí náà.

Ó wá ku tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 14, sọ pé ọwọ́ ará ìlú ni ìjọba ti gba gbogbo agbára rẹ̀. Òfin yẹn kan náà fi àbójútó ọjà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀ yín òfin tó ní kí ẹ san án àti ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe. Ẹ má dá lọ o. Ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ jọ ń tà ni kẹ́ ẹ jọ lọ. Òfin tún gba ará ìlú láàyè láti pe aṣòfin wọn padà, bí àwọn tó fọwọ́ sí i bá ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lágbègbè náà lọ, tí àwọn olùdìbò sì tún fi ìbò gbè é lẹ́yìn. Àmọ́ INEC, àjọ elétò ìdìbò, kò lè ka ọwọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé olùdìbò. Torí náà, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì mú ọmọ yín dání bí òun náà bá ti pé ọdún 18.