"Nítorí náà" kì í ṣe "lẹ́yìn náà"

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn lẹ́nu, ó sì máa ń pa alátakò lẹ́nu mọ́ nínú ìpàdé. Ṣùgbọ́n dókítà á bi wá bóyá ibà ti wà lára ọmọ láti ìjẹta. Adájọ́ á bi wá pé ta ló gbọ́ igbe náà. Èdè wa gan-an ti ya "lẹ́yìn náà" àti "nítorí náà" sọ́tọ̀. "Àjẹ́ ké, lẹ́yìn náà ọmọ kú" ń sọ èyí tó ṣáájú. "Àjẹ́ ké, nítorí náà ọmọ kú" ń sọ ohun tó fa ikú, ẹni tó bá sì sọ ọ́ báyẹn gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá.

"Gbogbo" náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní àdúgbò kan ní Barnawa, ní Kàdúná níbí, akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé kọ ọ́ sórí WhatsApp pé: "Gbogbo onílé kò san owó ọdẹ." Kíá làwọn tó ti san yarí, wọ́n ń fi rìsíìtì hàn. Ohun tó wà lọ́kàn akọ̀wé ni "Kì í ṣe gbogbo onílé ló san owó ọdẹ." Rìsíìtì kan ṣoṣo ti tó láti sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ di irọ́. Ní ti ìkejì, bí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣì jẹ gbèsè, òótọ́ ni, àní kí ìyókù kó rìsíìtì wá ní àpò-àpò.

Ẹ̀kọ́ tó ń yẹ irú nǹkan báyìí wò ni wọ́n ń pè ní lọ́jíìkì. Àwọn ọmọ ilé kéwú mọ̀ ọ́n sí mántíìkì. Kì í ṣe àlejò ní òkè ọya. Al-Maghili, onímọ̀ Ìsìláàmù tó wá sí Kánò láyé Ọba Muhammad Rumfa ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, bá al-Suyuti, onímọ̀ bíi tirẹ̀ ní Cairo, jiyàn lórí rẹ̀. Al-Suyuti ta ko ẹ̀kọ́ náà. Al-Maghili ní bí òtítọ́ bá jẹ́ òtítọ́, kí a má bi í pé ọwọ́ ta ló ti wá. Al-Maghili ni mo bá lọ.

Ìlú wa yìí ti rí ohun tí àìrò-ó-jinlẹ̀ ń fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, akọ̀ròyìn kan kọ gbólóhùn kan nípa ìdíje Miss World sínú ìwé ìròyìn ThisDay, ó sì bí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí nínú. Wọ́n dáná sun ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà ní Kàdúná. Ìjà ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀, èèyàn tó lé ní 200 kú. Àwọn tó kú kọ́ ló kọ ọ́. Ẹnì kan ló kọ̀wé. Lẹ́nu àwọn èèyàn, ó di "àwọn". Nígbà tó yá, "àwọn" di aládùúgbò ẹni, lọ́tùn-ún lósì.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá kọ "nítorí náà" sínú lẹ́tà tàbí àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi "lẹ́yìn náà" rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tún un kà. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ẹ̀rí yín mọ, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.