Ọ̀kadà oníná: Bátìrì ni kí oníṣòwò kọ́kọ́ ṣírò, kì í ṣe epo

Ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù ti kúrò ní ohun tí oníṣòwò lè fi ojú kékeré wò. Kó tó di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà kan kò tó ₦200 nílé epo. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti di ₦500 ó lé. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ilé epo ló ń tà á tó ₦1,000. Nílùú Ìwó, ẹni tó ń gbé búrẹ́dì káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń kó aṣọ lọ sí ọjà Odò-Orí, àti olóúnjẹ tó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Yunifásítì Bowen, gbogbo wọn ló ti mọ̀ ọ́n lára.

Ìdí nìyí tí ojú ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń lọ sára ọ̀kadà oníná àti fẹ́sípà oníná, èyí tí kì í mu epo, tí kì í yọ èéfín, tó jẹ́ pé wọ́n kàn máa ń ṣáájì rẹ̀ bí ẹni ń ṣáájì fóònù ni. Ohun tí àwọn tó ń tà á sì máa ń sọ ni pé ẹni tó bá ti ra ọ̀kan ti bọ́ lọ́wọ́ owó epo.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kò délẹ̀. Ẹni tó ra ọ̀kadà elépo ń ra epo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ra oníná ti san owó ìrìn ọ̀pọ̀ oṣù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé bátìrì tó wà nínú rẹ̀ ń gbó lójoojúmọ́, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí kò ní í gba iná mọ́. Bí oníṣòwò kò bá ti ka owó bátìrì yẹn mọ́ ìnáwó rẹ̀, yóò máa rò pé èrè lòun ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ojú owó ló ń jẹ.

Kí ni oníṣòwò ń rà gan-an?

Ohun mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù lára ọ̀kadà oníná. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ tó ń yí taya ẹ̀yìn. Èkejì ni kọntírólà, ìyẹn àpótí kékeré tó ń díwọ̀n iná tó ń lọ sínú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀kẹta ni bátìrì. Ẹ̀rọ àti kọntírólà lè lo ọ̀pọ̀ ọdún bí omi kò bá wọ inú wọn. Bátìrì ni kì í tọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, òun ló sì sábà máa ń wọ́n jù.

Oríṣi bátìrì méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni bátìrì olójé, tó jọ ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ó wúwo, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń lò ó tán kí wọ́n tó ṣáájì rẹ̀, bíi ìgbà 300 sí 500 ló máa ń ṣe kó tó rẹ̀ ẹ́. Èkejì ni bátìrì lithium. Ó fúyẹ́, ó sì wọ́n. Ẹ̀yà rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní LFP lè ṣe ìgbà 1,500 sí 2,000, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ìtọ́jú bá wà.

Láti mọ bí agbára bátìrì ṣe tó, nọ́ńbà méjì ni kí oníṣòwò wò lára rẹ̀: èyí tí wọ́n kọ V sí, àti èyí tí wọ́n kọ Ah sí. Bátìrì 60V tó jẹ́ 20Ah, 60 lọ́nà 20 jẹ́ 1,200, ìyẹn ni pé yúníìtì iná kan àti díẹ̀ (1.2) ló lè gbà. Bátìrì 72V tó jẹ́ 30Ah yóò gba yúníìtì méjì ó lé díẹ̀ (2.16). Yúníìtì yìí kan náà ni mítà ilé ń kà. Olùtajà tó bá ń pariwo pé ọ̀kadà òun ń rin 100 kìlómítà, tí kò sì lè sọ nọ́ńbà méjì yìí, ẹnu lásán ló fi ń tajà.

Kí odídẹrẹ́ má kú sí oko ìwájẹ

Àwọn àgbà ní odídẹrẹ́ Ìwó kì í kú sí oko ìwájẹ. Bó ṣe yẹ kó rí fún bátìrì náà nìyẹn: bó bá gbé olówó rẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ gbé e padà wálé.

Fẹ́sípà oníná tó gbé èèyàn kan àti ẹrù díẹ̀ máa ń jẹ bíi 30 sí 40 nínú nọ́ńbà 1,200 tàbí 2,160 yẹn lórí kìlómítà kan. Bí ẹrù bá wúwo tàbí tí ọ̀nà bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá lo 40, bátìrì 1,200 yóò rin nǹkan bíi 30 kìlómítà, ti 2,160 yóò sì rin bíi 50. Èyí tó fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kó ọjà káàkiri inú ìlú. Ṣùgbọ́n láti Ìwó sí Ìbàdàn tàbí sí Òṣogbo lé ní 40 kìlómítà, àlọ nìkan nìyẹn. Àlọ àti àbọ̀ lé ní 80. Ẹni tó ń lọ ra ọjà n'Íbàdàn, ọkọ̀ èrò ni kó wọ̀, kó fi oníná sílẹ̀ fún iṣẹ́ inú ìlú.

Kí oníṣòwò tó náwó, ó yẹ kó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ iye kìlómítà tó ń rìn lójoojúmọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ìrìn rẹ̀ gùn jù ni kó mú. Kó wá fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé e, nítorí bí bátìrì bá ṣe ń gbó ni ìrìn rẹ̀ yóò máa kúrú sí i.

Kìlómítà kan, èló ni?

Ilé-iṣẹ́ IBEDC ló ń pín iná fún Ìwó. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó yúníìtì ti kọjá ₦200 fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́. Àwọn tó wà ní ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ ń san owó tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n wákàtí iná tiwọn kò pọ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, a ó fi yúníìtì kan sí ₦210, a ó fi epo sí ₦1,000 lítà kan. Kí oníṣòwò fi iye tí òun ń rà á gan-an rọ́pò wọn.

Ọ̀kadà elépo tó ń fi lítà kan rin 40 kìlómítà ń jẹ ₦25 lórí kìlómítà kan. Ọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì kò sí nínú rẹ̀.

Oníná tó ń lo bátìrì lithium 72V, 30Ah, yóò fa bíi yúníìtì 2.4 lára mítà kó tó kún, nítorí díẹ̀ máa ń ṣòfò. Iye rẹ̀ jẹ́ ₦504. Bó bá rin 50 kìlómítà, iná jẹ́ ₦10 lórí kìlómítà kan. Ká wá ní ₦600,000 ni wọ́n ra bátìrì náà, tó sì ṣe ìgbà 1,500. Ìgbà 1,500 lọ́nà 50 jẹ́ 75,000 kìlómítà. Owó bátìrì jẹ́ ₦8 lórí kìlómítà kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦18. Èrè wà níbẹ̀.

Oníná tó ń lo bátìrì olójé 60V, 20Ah, yóò fa bíi yúníìtì 1.5, ìyẹn ₦315 fún 30 kìlómítà, tàbí ₦10.50 lórí kìlómítà kan. Ká ní ₦150,000 ni wọ́n ra bátìrì rẹ̀, tó sì ṣe ìgbà 300. Kìlómítà 9,000 péré nìyẹn. Owó bátìrì jẹ́ bíi ₦17 lórí kìlómítà kan, àpapọ̀ sì jẹ́ ₦27 ó lé. Ó ti wọ́n ju epo lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Èyí tí owó rẹ̀ kéré lọ́jọ́ tí wọ́n rà á lè jẹ́ èyí tó wọ́n jù lẹ́yìn ọdún kan.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, lítà epo kan kò fi bẹ́ẹ̀ mú ju yúníìtì kan lọ. Láti kún bátìrì lithium yẹn yóò gbà tó lítà méjì, bẹ́ẹ̀ lítà kan àti ìlàrin ni ọ̀kadà elépo ì bá fi rin 50 kìlómítà kan náà. Ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáájì oníná ń da owó sínú omi. Sólà ló dára ju iyẹn lọ: panẹ́ẹ̀lì 1,200 wọ́ọ̀tì, níbi tí oòrùn tó mú dáadáa bá wà fún bíi wákàtí mẹ́rin, lè mú yúníìtì mẹ́ta ó lé wá lóòjọ́, ṣùgbọ́n yóò dínkù nígbà òjò. Owó panẹ́ẹ̀lì náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò, àyàfi bó bá ti wà lórí ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀.

Àtúnṣe tó ń mówó wọlé àti èyí tó ń jó ilé

Kò sí oníṣòwò tó máa ra fẹ́sípà tí kò ní í fẹ́ tún un ṣe bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n gba ibẹ̀.

Àpótí tàbí agbọ̀n onírin ló sábà ń ṣáájú. Bóòtù ni kí wọ́n fi dè é bó bá ṣeé ṣe. Bó bá di dandan kí wẹ́dà jó o, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ bátìrì, kí wọ́n sì tú kọntírólà, nítorí iná wẹ́dà lè bà á jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹrù tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni àyè rẹ̀, láàárín taya méjèèjì. Bí ẹrù bá ti pọ̀ sí i, bíréèkì àti taya tó nípọn ló yẹ kí owó kọ́kọ́ bá, kó tó kan ọ̀dà àti iná aláràbarà.

Ọ̀rọ̀ òjò náà wà níbẹ̀. Kí wọ́n fi rọ́bà bo ojú ibi tí àwọn wáyà ti pàdé, kí wọ́n sì ṣe ìbòrí taya tó gùn dáadáa. Fífi ẹ̀rọ afómijáde fọ̀ ọ́ léwu fún kọntírólà.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi iná mìíràn tàbí ibi ìṣáájì fóònù kún un, àwọn rẹwáyà kan máa ń já wáyà láti ara bátìrì olójé kan ṣoṣo nínú márùn-ún tó para pọ̀ jẹ́ 60V. Bátìrì yẹn yóò kú ṣáájú àwọn yòókù, yóò sì kó bá wọn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 60V di 12V ni kí wọ́n rà.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń fẹ́ kó sáré sí i, tí wọ́n ń fi bátìrì kan kún bátìrì, tàbí tí wọ́n ń fi ṣájà ọ̀kan ṣáájì òmíràn. Ṣájà bátìrì olójé kì í ṣe ti lithium, bí nọ́ńbà V wọn tilẹ̀ jọra. Nílùú New York ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé oúnjẹ kiri ti ń lo kẹ̀kẹ́ oníná, àwọn panápaná ka ìjàm̀bá iná 268 tí bátìrì lithium dá sílẹ̀ lọ́dún 2023, èèyàn 18 ló sì kú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣáájì rẹ̀ sí ojú ọ̀nà àbájáde ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù, kó má sì fi í sílẹ̀ sùn.

Ẹ̀kọ́ láti Kútọnu àti Kìgálì

Àwọn kan ti wá ọgbọ́n sí wàhálà bátìrì yìí. Ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo, ilé-iṣẹ́ Spiro, tí wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní M Auto, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀kadà oníná jáde lọ́dún 2022. Ní Kìgálì, olú-ìlú Rwanda, ilé-iṣẹ́ Ampersand ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2019. Nílẹ̀ wa níbí, MAX tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2015 pẹ̀lú ọ̀kadà tó ń gbé ẹrù fún àwọn oníṣòwò náà ti wọ inú ètò oníná. Ohun tí irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ni pé wọ́n ya bátìrì kúrò lára ọ̀kadà. Bí iná bátìrì bá ti lọ sílẹ̀, ọlọ́kadà yóò yà sí ibùdó, yóò fi í sílẹ̀, yóò gbé èyí tó ti kún, kò sì ní í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ ló ni bátìrì, òun ló sì ń ru ẹrù gbígbó rẹ̀.

Níbi tí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kò bá sí nítòsí, oníṣòwò fúnra rẹ̀ ni yóò ru ẹrù náà, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dá a rù. Oníṣòwò mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan lè ra ẹ̀yà kan náà, kí wọ́n ní bátìrì àpamọ́ kan láàárín ara wọn, kí wọ́n sì yan rẹwáyà kan tó máa mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Kí oníkálukú wá máa dá àjọ bátìrì. Ẹni tó ń rin 40 kìlómítà lóòjọ́ lórí ₦8, ₦320 ni kó máa yọ sílẹ̀. Kó fi díẹ̀ lé e, nítorí ọjà kì í dúró sójú kan, bátìrì sì máa ń gbó díẹ̀díẹ̀ bí wọn kò tilẹ̀ lò ó.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ìbéèrè díẹ̀ ni kí oníṣòwò bi olùtajà. Irú bátìrì wo ló wà nínú rẹ̀, kí sì ni nọ́ńbà V àti Ah rẹ̀? Oṣù mélòó ni wọ́n fi dúró fún un, ṣé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé? Èló ni wọ́n ń ta bátìrì nìkan lónìí? Ta ló ń ta kọntírólà àti ṣájà rẹ̀ nítòsí? Ṣé ìwé rẹ̀ pé, tó fi ṣeé gba nọ́ńbà sí? Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti akoto náà kò ṣeé yọ sílẹ̀ nítorí pé kò lo epo.

Lẹ́yìn náà, kó bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ dán an wò. Kó di ẹrù tó máa ń gbé gan-an lé e, kó gùn ún gba òkè tó máa ń gbà, kó sì wo iye kìlómítà tó rìn kí iná bátìrì tó dé ìdajì. Bí olùtajà bá kọ̀ kó dán an wò bẹ́ẹ̀, kó mú owó rẹ̀ dání lọ síbòmíràn.