Ṣé A Lè Pa Iná Átọ́míìkì Bí Àtùpà?

Nínú ẹ̀rọ iná átọ́míìkì tí a mọ̀, bí átọ́ọ̀mù kan bá fọ́, neutron tó ta jáde lára rẹ̀ ni yóò lọ fọ́ òmíràn. Ní 1993, Carlo Rubbia ti ilé ìwádìí CERN, ní Geneva, dábàá èyí tí kò lè dá jó: ẹ̀rọ mìíràn ni yóò máa sọ proton lu òjé pẹ̀lú eré burúkú, kí neutron lè ti ara òjé jáde wọ inú epo thorium. Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn, fífọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Èyí wù mí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pè é ní àtùpà o! Ooru ṣì wà nínú epo náà. Irú ooru bẹ́ẹ̀ ló yọ́ epo ní Fukushima, ní Japan, ní 2011, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti pa, nítorí ìgbì òkun ti ba iná mànàmáná tó yẹ kó fa omi tútù sí i jẹ́.