Kọ́kọ́rọ́ Tí Alágbẹ̀dẹ Kọ̀ Láti Rọ

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ti ń wá ọ̀nà tí yóò fi bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí ẹni kẹta kò fi ní gbọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ìwé kíkọ tó dé, àrokò ni àwọn àgbà ń lò. Bí ẹnìkan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tí ó sì fi rán ọmọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn, ọmọ náà lè gbé e lọ́wọ́ láti àárọ̀ di alẹ́ kí ó má mọ ohun tí ó gbé. Ẹni tí a rán an sí ni yóò mọ̀ pé ọkàn ọ̀rẹ́ òun fà sí òun, nítorí pé ẹ̀fà ni iye owó náà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ ni, yóò mọ̀ pé èrò àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Síbẹ̀, àṣírí àrokò kò jinlẹ̀ púpọ̀. Àgbàlagbà tí ó bá pàdé ọmọ náà lọ́nà, tí ó sì mọ àṣà, lè túmọ̀ rẹ̀ láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a fi ń pa àṣírí mọ́ ní ayé òde òní jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnìkan bá kọ lẹ́tà, tàbí tí ó ya àwòrán, tàbí tí ó kọ gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú fóònù alágbèéká, ẹ̀rọ náà a máa fi ìṣirò yí gbogbo rẹ̀ padà di àdàlù tí kò ní ìtumọ̀ fún ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe irin. Iye kan tí ó gùn jọjọ ni, tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń ṣe láti inú nọ́ńbà tí olówó rẹ̀ ń tẹ̀ láti ṣí i, àti láti inú nọ́ńbà àṣírí mìíràn tí a ti fi sí inú ẹ̀rọ náà láti ibi tí a ti ṣe é. Ẹni tí ó mọ ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò lè torí bẹ́ẹ̀ kà á. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà pàápàá kò lè kà á. Alágbẹ̀dẹ rọ àgádágodo tà, kò sì mú kọ́kọ́rọ́ kankan sẹ́yìn fún ara rẹ̀.

Ǹjẹ́ bí ẹni tí ó ti kú bá fi irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ ti ilẹ̀kùn rẹ̀, tí ìjọba sì ń wá ohun tí ó wà nínú ilé, ta ni yóò ṣí i? Ìbéèrè yìí ni ó dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2016, a kò sì tíì rí òpin rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 2015, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ gbé ìbọn wọ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ San Bernardino, ní ìpínlẹ̀ California, péjọ sí. Wọ́n pa ènìyàn 14, wọ́n sì ṣe àwọn tí ó ju 20 lọ léṣe. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni ọkùnrin yìí. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni ó yìnbọn fún. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ọlọ́pàá ti lé tọkọtaya náà bá, wọ́n sì pa wọ́n. Àwọn méjèèjì ti fọ́ fóònù tiwọn túútúú. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ fún ọkùnrin náà fún iṣẹ́. iPhone 5C ni, ilé iṣẹ́ Apple ni ó sì ṣe é. Òkú kò sọ nọ́ńbà tí ó fi tì í fún ẹnikẹ́ni.

Nọ́ńbà mẹ́rin péré ni. Láti 0000 títí dé 9999, gbogbo ohun tí ó lè jẹ́ kò ju 10,000 lọ, bí a bá sì gba kọ̀ǹpútà láàyè láti dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní lò tó ìdámẹ́rin wákàtí tí yóò fi bá èyí tí ó tọ̀nà pàdé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti ro èyí tẹ́lẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣì í tẹ̀ ní ìgbà díẹ̀, ẹ̀rọ a ní kí ó dúró fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá tún ṣì í, a ní kí ó dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, olówó ẹ̀rọ lè pàṣẹ fún un pé bí a bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ó sọ ohun gbogbo inú rẹ̀ di asán títí láé. Àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà tí à ń pè ní FBI kò mọ̀ bóyá òkú náà ti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Wọn kò sì fẹ́ fi ìka dán an wò.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2016, adájọ́ Sheri Pym pàṣẹ pé kí Apple ran ìjọba lọ́wọ́. Òfin tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lé lórí ti wà láti ọdún 1789, nígbà tí ó jẹ́ pé àbẹ́là ni àwọn adájọ́ fi ń kàwé lóru. Ohun tí wọ́n béèrè kì í ṣe kọ́kọ́rọ́, nítorí pé Apple kò ní in. Wọ́n ní kí Apple kọ ètò tuntun tí yóò darí ẹ̀rọ náà, tí yóò mú ìdádúró kúrò, tí yóò pa àṣẹ ìparun náà rẹ́, tí yóò sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa tẹ nọ́ńbà dípò ìka ènìyàn. Apple nìkan ni ó sì lè ṣe é, nítorí pé ẹ̀rọ náà kì í gba ètò kankan bí kò bá rí òǹtẹ̀ Apple lára rẹ̀.

Apple kọ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an, Tim Cook tí ó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ náà kọ lẹ́tà sí gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ láti sọ ìdí tí òun fi kọ̀.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. James Comey, ọ̀gá àgbà FBI nígbà náà, sọ pé fóònù kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ kàn. Ó ní àwọn tí wọ́n kú yẹ ní ẹni tí a óò wádìí ikú wọn dé ìdí, àti pé bí àwọn apànìyàn náà bá ní ẹgbẹ́ tí ó ṣẹ́kù, ó yẹ kí a mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó tún ṣọṣẹ́. Nínú òfin Amẹ́ríkà, bí adájọ́ bá fọwọ́ sí ìwé, ọlọ́pàá lè wọ ilé, ó lè ṣí àpótí, ó lè ka ìwé inú àpótí. Kí ni ìdí tí àpótí kan ṣoṣo yóò fi wà ní ayé tí ọwọ́ òfin kò lè tó? Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí, kì í ṣe ohun tí a fi ẹ̀rín lé lọ.

Ìdáhùn Apple ni pé ètò tí ó ṣí fóònù kan lè ṣí fóònù gbogbo tí ó bá jẹ́ irú rẹ̀. Bí a bá ti kọ ọ́ tán, ó ti wà láyé. Ẹni tí ó bá jí i lọ kò nílò adájọ́. Wọ́n tún ní bí ìjọba kan bá lè pàṣẹ fún alágbẹ̀dẹ pé kí ó ba àgádágodo ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́, kò sí ìjọba tí kò ní béèrè irú rẹ̀ lọ́la, àti èyí tí ó dára àti èyí tí ń lépa àwọn tí ó bá bá a wí. Google, Facebook àti Microsoft, tí wọn kì í gbà fún Apple ní ọjà, gbe Apple lẹ́yìn ní ilé ẹjọ́.

Ní ti fóònù kan ṣoṣo tí Comey wí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìjọba ti kọ́kọ́ mì. Ní oṣù yẹn kan náà, agbẹjọ́rò ìjọba ní Manhattan, ní New York, sọ ní gbangba pé fóònù 175 ni ó wà lọ́wọ́ òun tí òun ń dúró láti ṣí. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹja kan ṣoṣo ni òun fẹ́ pa kò yẹ kí ó mú àwọ̀n wá sí odò. Àwọn FBI sì ti kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe kan. Fóònù náà ti ń fi ẹ̀dà ohun inú rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀dọ̀ Apple láti ìgbà dé ìgbà, èyí tí ó kẹ́yìn sì jẹ́ ti ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá. Bí wọ́n bá gbé e padà sí ibi tí ó mọ̀, bóyá ì bá tún fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n FBI ní kí ìjọba ìbílẹ̀ yí ọ̀rọ̀ ìwọlé ọkùnrin náà padà, ọ̀nà náà sì dí. Comey jẹ́wọ́ níwájú àwọn aṣòfin ní oṣù Kẹta pé àṣìṣe ni.

Kì í ṣe gbogbo àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni ó sì wà lẹ́yìn ìjọba. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ kí a ṣí ẹ̀rọ náà dandan, ta ni yóò sì bá wọn wí? Ṣùgbọ́n ọkọ obìnrin kan tí ìbọn bà, tí kò kú, kọ lẹ́tà sí adájọ́ láti gbe Apple lẹ́yìn. Ó ní ìyàwó òun náà ní irú fóònù iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òun kò sì gbà pé ohun pàtàkì kan lè wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ni a dá fún ẹjọ́. Nígbà tí ó ku ọ̀la, ìjọba ní kí a dúró ná. Ní ọjọ́ 28, wọ́n kó ẹjọ́ wọn kúrò. Àwọn kan tí wọ́n mọ ihò tí ó wà lára ẹ̀rọ náà ti ta á fún FBI, wọ́n sì ti ṣí i. Ní ọdún 2017, aṣòfin Dianne Feinstein sọ pé 900,000 dọ́là ni wọ́n san. Ìròyìn tí ó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni pé wọn kò tíì rí ohun gidi kan nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò sí adájọ́ àgbà kankan tí ó dá ẹjọ́ náà títí di òní. FBI kò sì fi ihò náà han Apple kí ó dí i.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. A ti rí ibi tí ògiri ti lanu rí. Ní ilẹ̀ Gíríìkì, láti ọdún 2004 di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2005, àwọn aláìmọ̀kan gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ju 100 ènìyàn ń sọ lórí fóònù, Kostas Karamanlis tí ó jẹ́ olórí ìjọba sì wà nínú wọn. Ẹ̀rọ ìfetíkọ́rọ̀ tí a ṣe fún àwọn ọlọ́pàá láti lò pẹ̀lú àṣẹ ilé ẹjọ́ ni wọ́n jí lò. Ní ọdún 2017 ẹ̀wẹ̀, irinṣẹ́ tí àjọ NSA ti Amẹ́ríkà ṣe láti gba ihò kan wọ inú kọ̀ǹpútà bọ́ sí ọwọ́ àwọn olè, wọ́n sì tú u síta ní oṣù Kẹrin. Microsoft ti fi ohun tí yóò dí ihò náà síta ní oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lò ó. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, ìdààmú tí à ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn wọ kọ̀ǹpútà tí ó ju 200,000 lọ, ó ti ohun inú wọn pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn dókítà kò rí ìwé àwọn aláìsàn wọn kà, a sì ní láti darí aláìsàn láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024 ni ó yani lẹ́nu jù. Òfin ọdún 1994 ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn agbófinró. Àwọn amí tí Amẹ́ríkà sọ pé ìjọba China ni ó ń ràn wọ́n níṣẹ́ wọ inú àwọn ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì kó nínú ohun tí ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí pé kí ọlọ́pàá gbọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan náà ń gba àwọn ará ìlú níyànjú pé kí wọ́n máa fi ọ̀nà tí ó ní àgádágodo ránṣẹ́ sí ara wọn.

Lójú irú àpẹẹrẹ wọ̀nyí, ó dà bí ẹni pé Apple ni ó jàre, ó sì jàre ní ti ètò tí a ní kí ó kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ lójú ará ilé obìnrin aboyún kan ní Baton Rouge, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ó ṣílẹ̀kùn fún ẹnìkan, ẹni náà sì yìnbọn pa á. Ọmọ inú rẹ̀ pẹ̀lú kò là á já. Àwọn ẹbí rẹ̀ sọ pé ó máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ sínú fóònù rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń jiyàn lórí ẹ̀rọ ti San Bernardino ní ọdún 2016, tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ní títì.

Àríyànjiyàn náà ti kọjá òkun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2016, tí ó fún ìjọba ní agbára láti pàṣẹ irú èyí ní ìkọ̀kọ̀, tí ilé iṣẹ́ tí a pàṣẹ fún kò sì gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìròyìn jáde pé wọ́n ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún Apple lórí ohun tí àwọn ènìyàn ń fi pamọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Apple kò la ògiri. Ó mú àgádágodo rẹ̀ tí ó lágbára jù kúrò ní ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa lò ó ní oṣù náà, kò rí i lò mọ́, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ó ra irú fóònù kan náà, ń fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lójoojúmọ́.