Ọ̀rá Ara Ọkàn àti Ìgbọ̀nrìrì Ìyẹ̀wù Òkè: Ìṣòro Ìperí Nínú Àlàyé Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó ti fìdí múlẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ó tilẹ̀ ní àbùkù: ohun tí ó bá ń ru, bí òkun, kì í ru ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè ga fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi àmì kankan hàn. Ó ti pẹ́ jù láti pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ kù sí ni orúkọ ohun tí àìsàn náà ń ṣe fún ọkàn.

Nínú ìyẹ̀wù mẹ́rin tí ọkàn ní, àwọn méjì ti òkè ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé, àwọn méjì ti ìsàlẹ̀ ń tì í jáde. Bí ìfúnpá bá ga pẹ́, ẹran ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ apá òsì a nípọn, a sì le. Ìyẹ̀wù òkè a wá máa fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ sí ibi tí kò fẹ́ gbà á, títí òun náà yóò fi fẹ̀ jù.

Ọ̀rá a máa dá kún un. Ẹni tí ó bá pè é ní ọ̀rá inú ọkàn ṣi òǹkàwé lọ́nà, bí ẹni pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni ó dì sí. Ọ̀rá ara ọkàn ni ó tọ́: ó lẹ̀ mọ́ ẹran ọkàn láìsí ohun tí ó là wọ́n láàárín, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó sì ń bọ́ àwọn méjèèjì. Ọkàn tí ó le koko pàápàá ní in. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, àwọn èròjà tí ó ń tú jáde lè mú kí ẹran ìyẹ̀wù òkè yi bí àpá egbò, kí ìlù ọkàn sì dàrú.

Orúkọ ìdàrúdàpọ̀ yìí ni ó le jù. Ìbẹ̀rù ni àyà jíjá ń sọ, àgbàlagbà tí wọ́n bá bi pé, “Ṣé àyà yín máa ń já?” lè dáhùn pé òun kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ìlùkílù dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń tàbùkù bíi ti ìwàkiwà, bẹ́ẹ̀ ìlù ọkàn ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá a máa yí díẹ̀ bí ó ti ń mí. Kí ìlù àìdọ́gba dúró fún gbogbo irú rẹ̀; kí ìgbọ̀nrìrì ìyẹ̀wù òkè jẹ́ ti èyí tí ìyẹ̀wù náà kò lè fún pọ̀ mọ́, tí ó kàn ń gbọ̀n ju ìgbà 300 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dúró sí kọ̀rọ̀ ibẹ̀ lè dì, kí ó gba ọpọlọ lọ: ìwádìí Framingham ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 1991 pé ewu rọpárọsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po márùn-ún. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ìwé ìlera tẹ̀ ni, “Ǹjẹ́ ìlù ọkàn yín máa ń ṣe ségesège?”, pẹ̀lú ìka méjì lórí iṣan ọrùn ọwọ́, nítorí ẹlòmíràn kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá.