Ẹ Gba Ìwé Kí Ẹ Tó Gba Ẹfun

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba NCE tàbí dìgírì l'Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ súnmọ́ mi. Láti Òwódé dé Àkẹ̀sán, láti Tákíè dé Under G, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kún gbogbo àdúgbò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín yóò ti kọ́kọ́ ríṣẹ́, nítorí ìjọba kì í gba tíṣà lójoojúmọ́. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gba tíṣà 5,000 sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní 2021, àwọn tó ti ń retí rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ kì í ṣe díẹ̀.

Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ míṣọ́nárì CMS ti ìjọ Áńgílíkà ló dá St. Andrew's sílẹ̀ l'Ọ̀yọ́ ní 1896 láti kọ́ àwọn olùkọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 1955. Nígbà tó yá, ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní 1979, Bọ́lá Ìgè sọ girama náà di ọ̀fẹ́. Ọmọ pọ̀ ju àga lọ. Òbí tí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn, àwọn kan sì ń ṣí kíláàsì sẹ́yìnkùlé wọn. Ìjọ Áńgílíkà pàápàá padà sí ọgbà St. Andrew's, wọ́n fi Yunifásítì Ajayi Crowther lọ́lẹ̀ níbẹ̀ ní 2005.

Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ tíṣà wá bá mi lópin táámù kẹta. Aago méje àárọ̀ ló máa ń wà lẹ́nu géètì, tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Òun ló ń nu imú wọn, òun ló ń parí ìjà pẹ́ńsùlù, ó sì ń máàkì ìwé délé. Ọ̀gá rẹ̀ ní kò sí owó Oṣù Kẹjọ, àfi tí wọ́n bá wọlé padà. Ẹfun ṣì wà ní ìka rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní, “Ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́ ńkọ́?” Ó ní, “Bàbá, ẹnu ni wọ́n fi gbà mí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ẹ gbọ́ ohun tí òfin wí. Òfin owó oṣù tó kéré jù, ti ọdún 2019, yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ẹ wá ka tíṣà kíláàsì mẹ́sàn-án, ọ̀gá àgbà, alágbàtọ́ àti ọlọ́dẹ, ṣé wọ́n tó 25? Ìdí nìyẹn tí owó oṣù ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní Oṣù Keje 2024 kò fi kan ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ohun tí ẹ bá jọ kọ sílẹ̀ ló lè gbà yín: iye owó, ọjọ́ tí wọn yóò máa san án, owó ìsinmi, àti lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, bóyá ó lówó tàbí kò lówó. Bí òṣìṣẹ́ bá tó 15, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé ìdá 8 tí wọ́n bá yọ nínú owó yín. Ẹ béèrè rẹ̀ láìjanu. Kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè dá dúró bí olùkọ́ níbikíbi.

Mo mọ̀ pé ojú àwọn tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ń rí nǹkan. Òbí ń jẹ wọ́n lówó. Àwọn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó di ìgbà tí káṣú bá tà kí wọ́n tó san. Àmọ́ gbèsè òbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tíṣà. Wọ́n á ní èrè tíṣà ń bẹ lọ́run. Mo gbà, ṣùgbọ́n ayé níbí ni onílé ti ń gba owó ilé, ayé níbí ni ọmọ tíṣà ti ń jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-ẹ̀kọ́ l'Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, mo fi ọjọ́ orí mi bẹ̀ yín: ẹ kọ ìwé fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí ẹ sì san owó Oṣù Kẹjọ wọn.